Orúkọ wo ló yẹ ọ̀nà tí mọ́tò kò gbọdọ̀ gbà?

Ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi,

Orúkọ Yorùbá ni a ń wá fún irú ọ̀nà tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ láàrin ìlú, tí ó so ọgbà ìgbafẹ́ kan mọ́ òmíràn, tí ó sì jẹ́ pé àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn tó ń gun básíkùlù nìkan ló wà fún. Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀: "ọ̀nà kẹ̀kẹ́", "ọ̀nà ìgbafẹ́" àti "ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀". N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ti "ọ̀nà kẹ̀kẹ́" kò gún régé rárá. Bí a bá gbé pátákó rẹ̀ kọ́ sí oríta Ọláìyá, oní-Màrúwá ni yóò kọ́kọ́ yà síbẹ̀, kò sì ní jẹ̀bi, nítorí pé bí ará Òṣogbo bá ní òun wọ kẹ̀kẹ́ wá sọ́jà lónìí, kò sẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sí básíkùlù.

"Ọ̀nà ìgbafẹ́" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó bu iṣẹ́ ọ̀nà náà kù. Ẹ wo BeltLine ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, èyí tí èrò rẹ̀ ti inú iṣẹ́ ìwádìí tí Ryan Gravel ṣe ní yunifásítì Georgia Tech ní 1999 jáde: ipa ojú irin àtijọ́ ni wọ́n ń sọ di ọ̀nà tí yóò yí àárín ìlú ká ní nǹkan bí máìlì 22. Apá ìlà-oòrùn rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2012, gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà Piedmont lọ sí ìhà ọgbà Historic Fourth Ward. Àwọn kan ń gbafẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ lọ ra oúnjẹ. Bí a bá ti pè é ní ti ìgbafẹ́, a ti fún ìjọba ní àwáwí pé nǹkan fàájì ni, owó rẹ̀ lè dúró di ẹ̀yìn ọ̀la.

"Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀" ló dùn létí jù, òun náà ló sì léwu jù. Àmì kíún abẹ́ "s" nìkan ló ya ẹlẹ́sẹ̀ nípa sí ẹlẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń kọ pátákó kì í yọ ara wọn lẹ́nu lórí àmì. Ẹni tó bá rí ONA ELESE gàdàgbà lẹ́bàá títì yóò rántí Sáàmù kìíní, yóò sì yà. "Ọ̀nà ẹsẹ̀" náà kò bọ́ nínú rẹ̀.

Èyí ni mo fi dábàá "ọ̀nà afẹsẹ̀rìn òun ológeere"; kẹ̀kẹ́ ológeere ni básíkùlù. Ó gùn, àwọn èèyàn yóò sì gé e sí "ọ̀nà afẹsẹ̀rìn", kò burú. Ẹni tó ní kí a fi kọnkéré àti ọgbà kún orúkọ náà ń di ẹrù ìtumọ̀ lé orúkọ lórí: "ojú irin" kò dárúkọ ọkọ̀, kò dárúkọ ibùdókọ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó gba Òṣogbo kọjá. Nínú ìtumọ̀ ni kí a ti mẹ́nu ba ọgbà ìgbafẹ́, kí a má sì kọ "páàkì", nítorí pé ibi tí a ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí "ológeere" kò bá tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, kí ó mú òmíràn wá, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ láìsí àmì kankan, kí ó sì fi han ẹni tí kò bá wa dá sí àríyànjiyàn yìí.