Gọ́ọ̀mù ewéko àti gọ́ọ̀mù tí kì í pani lára: ẹ má jẹ́ kí a sọ wọ́n di ọ̀kan

Àbá tó wà níwájú wa ni pé kí a máa pe gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ohun ọ̀gbìn ṣe fún lílẹ pákó ní “àtè aláwọ̀ ewé”, láti fi túmọ̀ “green adhesive” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá a mu. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọ̀ lásán ni aláwọ̀ ewé ń tọ́ka sí, káfíńtà tó bá sì ra gọ́ọ̀mù funfun lábẹ́ orúkọ yẹn yóò rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Àtè ní tirẹ̀ ni oje igi tí a fi ń mú ẹyẹ. Kò gbọdọ̀ gbẹ títí ẹyẹ yóò fi bà lé e, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ ni ti gọ́ọ̀mù pákó. Ẹni tó bá dúró ti káfíńtà ní Tákìé yóò rí i pé, bó bá ti fi gọ́ọ̀mù pa ojú pákó méjèèjì, tó sì fi kílámpù fún wọn pọ̀, kíá ni yóò fi àkísà nu èyí tó bá yọ jáde létí ibi tí wọ́n ti pàdé, nítorí bó bá gbẹ síbẹ̀, ìfági nìkan ni yóò lè mú un kúrò. Kí gọ́ọ̀mù máa jẹ́ gọ́ọ̀mù. Àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ ti sọ ọ́ di Yorùbá tipẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ohun tí yóò tẹ̀lé gọ́ọ̀mù. Àwọn kan lára wa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ pé ara ewéko ni ó ti wá, kí ó sì tún sọ pé kì í pani lára. Èyí léwu. Gọ́ọ̀mù urea formaldehyde tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń ṣe púláíwúùdù máa ń tú kẹ́míkà tó ń jẹ́ formaldehyde sínú afẹ́fẹ́, èyí tó máa ń ta ojú àti imú, tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, IARC, sì kéde ní 2004 pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ó jẹ mí lógún nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gé pákó nínú ṣọ́ọ̀bù tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ dáadáa.

Síbẹ̀, pé nǹkan ti ara igi wá kò sọ ọ́ di aláìléwu. Ẹ wo kajú, tó pọ̀ lágbègbè wa: epo inú èèpo hóró rẹ̀ wúlò fún ṣíṣe gọ́ọ̀mù pákó, epo yìí kan náà ni ó sì máa ń bó àwọn tó ń fọ́ ọ lọ́wọ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi omi èèpo igi wattle ṣe gọ́ọ̀mù pákó, ṣùgbọ́n formaldehyde ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn kí ó lè le. Ṣé orúkọ tó ń yìn ín ni a ó fún un?

Mo dábàá kí orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é tẹ̀lé gọ́ọ̀mù: gọ́ọ̀mù kajú, gọ́ọ̀mù èèpo igi, gọ́ọ̀mù sóyà, gọ́ọ̀mù pákí (ẹ̀yin tó ń wí pé gbágùúdá tàbí ẹ̀gẹ́ lè fi tiyín sí i). Ẹni tó bá ti rí bí òjò ṣe ń ṣí pósítà tí wọ́n fi sítáàsì lẹ̀ mọ́ ògiri, tó wá gbọ́ gọ́ọ̀mù pákí, yóò mọ̀ pé kò yẹ fún àga ìta, àfi bí wọ́n bá fi nǹkan mìíràn kún un. “Tí kò ní formaldehyde” ní tirẹ̀ gbọdọ̀ dá dúró, kí a sì fi sí ara èyí tó tọ́ sí nìkan. Ó tọ́ sí gọ́ọ̀mù sóyà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Kaichang Li ṣe ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó kíyè sí bí ẹran omi oníkarahun kan ṣe ń lẹ̀ mọ́ àpáta, èyí tí iléeṣẹ́ Columbia Forest Products bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe púláíwúùdù ní 2005.

Ó ku orúkọ ohun tí a ń pò mọ́ gọ́ọ̀mù kí ó lè le. Bí sítáàsì bá mú aṣọ, a máa ń wí pé aṣọ náà gan. Nítorí náà, “amúgan” ni mo fi lélẹ̀. Bí ẹ bá gbà á, ẹ jẹ́ kí a máa kọ orúkọ amúgan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ gọ́ọ̀mù nígbà gbogbo, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni formaldehyde sábà máa ń gbà wọ inú gọ́ọ̀mù ewéko.