Ọ̀rọ̀ wo la máa fi sọ Moonlight ní Yorùbá? Akọsákọ kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ látorí ìbéèrè ẹni tó fẹ́ ṣe subtitle Yorùbá fún fíìmù Moonlight, tó ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta: irú fíìmù tó jẹ́ (coming-of-age), ohun tí ọmọ inú ẹ̀ jẹ́ (gay), àti bí wọ́n ṣe gbà á bó ṣe wà (acceptance). Títí di àárọ̀ yìí, ìbàlágà, akọsákọ àti ìtẹ́wọ́gbà lẹ gbé kalẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó wà láàárín yẹn ló sì ń dùn mí jù.

Fún ẹni tí ò tíì wò ó: Barry Jenkins ló darí ẹ̀, 2016 ló jáde, inú eré kan tí Tarell Alvin McCraney kọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Liberty City ní Miami ni àwọn méjèèjì ti dàgbà, ìyá àwọn méjèèjì ló sì kó sínú wàhálà oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní kíráàkì, torí náà wọn ò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Chiron la rí nígbà mẹ́ta láyé ẹ̀, òṣèré mẹ́ta ló sì ṣe é, ìgbà tó wà lọ́mọdé tí wọ́n ń pè é ní Little, ìgbà tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì, àti ìgbà tó ti di géńdé tó ń jẹ́ Black, tó ń ta oògùn olóró ní Atlanta. Fíìmù yìí ló gba Oscar fíìmù tó dáa jù ní February 2017, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣèèṣì pe orúkọ fíìmù mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n yára mú ìbàlágà kúrò nílẹ̀. Ara ló ń bàlágà, ohùn á yí, irun á hù, kò sí ẹni tí kò ní bàlágà tó bá ti pẹ́ láyé tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Chiron yàtọ̀, ó ń rí ayé, ó ń rí ìyá ẹ̀, ó ń rí ara ẹ̀, ó sì ń fòye mọ ohun tí àgbàlagbà fi pa mọ́ fún un. Kí la máa ń sọ ní tiwa? A máa ń sọ pé "látìgbà tí mo ti gbọ́njú". Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kò sí ìdí tá a fi máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹ̀dá òmíràn. Fíìmù ìgbọ́njú ni.

Ó wá ku akọsákọ. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, ilé ẹjọ́, ìròyìn àti orí pẹpẹ ìwàásù ló ti wá, pàápàá látìgbà tí òfin tó de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ti jáde ní Nàìjíríà ní January 2014, tí àwọn oníròyìn sì ní láti wá nǹkan pè é lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀dá ẹ̀ fún náà ló ń ṣe, kò sì lè ṣe òmíràn. Ẹ wo bó ṣe rí, akọ sí akọ. Akọ ẹran la máa ń wí, akọ ajá, akọ ìbẹ́pẹ tí kì í so. Tó bá ti di èèyàn, ọkùnrin là ń pè é. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n jọ ṣe ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, kò sọ ohun tí ẹni náà jẹ́. Àwọn tó kù tá a ní tún burú ju ìyẹn lọ, adófuro tí ẹnì kan kọ síbẹ̀ lánàá, ohun tí wọ́n ń ṣe lòun náà ń sọ, tí èébú sì wà nínú ẹ̀ látilẹ̀.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ síbi tí wọ́n ti máa lò ó. Little jókòó sídìí tábìlì nílé Juan àti Teresa. Juan ni ọkùnrin tó ń ta oògùn olóró ládùúgbò, tó rí ọmọ náà níbi tó sá pa mọ́ sí nígbà tí àwọn ọmọ ń lé e, tó mú un wálé, tó bọ́ ọ. Ọmọ náà ò wojú ẹnikẹ́ni, ó kàn ju ìbéèrè sílẹ̀, ó ní kí ni ìtumọ̀ orúkọ burúkú tí wọ́n ń pe òun. Juan dákẹ́ ná, ó wo Teresa, ló bá ní ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń lò láti fi ba ọkàn àwọn tó jẹ́ gay jẹ́ ni. Ọmọ náà bi í bóyá ohun tí òun jẹ́ nìyẹn. Juan ní rárá, o lè jẹ́ gay, àmọ́ o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ẹ́ lórúkọ yẹn. Ọmọ náà tún bi wọ́n pé báwo lòun ṣe máa mọ̀, wọ́n ní tó bá yá á mọ̀, kò pọn dandan kó mọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fi akọsákọ sẹ́nu Juan níbẹ̀ yẹn. "O lè jẹ́ akọsákọ"? Ọmọdé ni, kò tíì fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí! Ìrìn ẹ̀ nìkan làwọn ọmọ yẹn rí. Ìyá ẹ̀ Paula náà, nígbà tó ń bá Juan jà lójú títì, kò pe orúkọ kankan, ohun tó bi í ni pé ṣó ti wo bí ọmọ yìí ṣe ń rìn, ṣé òun náà ló máa sọ fún un ìdí táwọn ọmọ tó kù fi ń lù ú. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu Juan, ọ̀kan jẹ́ èébú, ìkejì ò jẹ́ èébú, ibi tó ti là wọ́n níyà yẹn ni gbogbo fíìmù náà dúró lé. Tá a bá wá fi ọ̀rọ̀ tó ti ní ìdájọ́ nínú sí ìhà méjèèjì, kí ni Juan wá sọ fún ọmọ náà?

Ohun tí mo dámọ̀ràn nìyí. Fún èébú, "hómò" ni kẹ́ ẹ lò, òun làwọn ọmọ ń pariwo mọ́ra wọn ládùúgbò wa, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló mọ̀ pé wọ́n fi ń ta èèyàn lẹ́gùn-ún ni. Fún ìkejì, ẹ má ṣẹ̀dá nǹkan kan, ẹ sọ pé "ọkùnrin ló ń wù ú". "Ó lè jẹ́ pé ọkùnrin ló ń wù ẹ́, àmọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ẹ́ ní hómò." Bí bàbá ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ nìyẹn. Ohun tó ń wu èèyàn, inú ọkàn ló wà, ó lè wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé a ṣe ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ kò sì ní ìdájọ́ nínú. Mo rí i pé ẹnì kan ní gbólóhùn ni, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé ìwé atúmọ̀ èdè là ń ṣe ni àbí ohun tí èèyàn á kà lójú fíìmù láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan?

Ìtẹ́wọ́gbà ńkọ́? Ẹbọ là ń retí ìtẹ́wọ́gbà ẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà lè ní ìtẹ́wọ́gbà níjọba. Èèyàn là ń gbà mọ́ra. Teresa tó sọ fún ọmọ yẹn pé kò gbọdọ̀ sorí kọ́ nínú ilé òun, ó gbà á mọ́ra ni. Juan tó fọwọ́ gbé orí ẹ̀ sókè nínú òkun nígbà tó ń kọ́ ọ ní wíwẹ̀, ó gbà á mọ́ra ni, kódà ojú lásán la fi ń rí i. Paula nìkan ló pẹ́ kó tó ṣe é, ibi ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti sọ dìdàkudà ní Atlanta ló ti sọ fún ọmọ ẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, pé kò pọn dandan kó nífẹ̀ẹ́ òun padà, àfi kó ṣáà mọ̀. Ìgbàmọ́ra, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹnì kan tún béèrè nípa orúkọ Black, bóyá ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Rárá o, "Dúdú" ni kẹ́ ẹ pè é. Kevin ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, Chiron sì bi í létí òkun pé irú ọkùnrin wo ló ń fún ọkùnrin bíi tiẹ̀ lórúkọ. Àwọn ìyàwó ilé ní tiwa máa ń sọ àwọn ọmọ ọkọ wọn ní Dúdú, Adúmáadán, Eyínafẹ́, orúkọ ìkẹ́ ni, nítorí náà ẹni tó bá gbọ́ Dúdú lẹ́nu Kevin máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tí òyìnbó ò tíì sọ síta. Ohun tó máa le díẹ̀ ni ìtàn tí Juan sọ nípa ìgbà èwe ẹ̀ ní Cuba, ibi tí ìyá arúgbó kan ti sọ fún un pé lábẹ́ òṣùpá, ọmọ dúdú a máa rí bíi búlúù. Lédè wa, dúdú lè gbé búlúù mì pátá, ọ̀rọ̀ ìyá náà á sì di òfo. "Aró" ni mo máa lò. Ẹni tó bá ti rí adìrẹ rí mọ̀ pé dúdú aró kì í ṣe dúdú èédú.

Ẹ wá wo ìparí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún dìbò fún akọsákọ. Chiron ti di géńdé, igẹ̀ gbòòrò, eyín góòlù lẹ́nu, ó wa mọ́tò láti Atlanta dé Miami torí pé Kevin pè é lórí fóònù. Ohun tó sọ fún un ni pé Kevin nìkan ni ọkùnrin tó fọwọ́ kan òun rí, àtìgbà náà òun ò tún fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. "Fọwọ́ kàn mí" ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má sọ ọ́ di "bá mi lò pọ̀", kò sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún tó wà láàárín yẹn, kò ṣe ohunkóhun pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ọkùnrin ló ń wù ú. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jùyẹn lọ kó gbé e wá, àmọ́ kó kọ́kọ́ fi sẹ́nu Juan nídìí tábìlì yẹn ná, kó wò ó bóyá á ṣeé sọ fún ọmọdé.