Re: "Onígun-mẹ́rin" kọ́ ni 4D, "ìlọ" tí kò lámì kò sì lè dúró

> "Bí a bá fẹ́ ṣe ìlọ ètò awòran onígun-mẹ́rin kúrò lórí IRIX bọ́ sórí Linux, a ó kọ́kọ́..."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, lórí bí a ṣe ń gbé ètò tó ń fi àwòrán 4D (four-dimensional) hàn kúrò lórí IRIX, ètò tó ń darí kọ̀ńpútà ilé-iṣẹ́ SGI àtijọ́, bọ́ sórí Linux. Iṣẹ́ ńlá ni. Ibi orúkọ tí ẹ sọ nǹkan ni mo ti kọsẹ̀.

Ọmọ pírámárì mọ ohun tó ń jẹ́ onígun mẹ́rin: ojú fèrèsé ni, orí tábìlì ni. Bí 4D bá jẹ́ onígun-mẹ́rin, a jẹ́ pé onígun-mẹ́ta ni 3D nìyẹn! Ẹ mú kóró ṣúgà kan, ẹ kà á: igun 8, etí 12, ojú 6. Tesseract, ìyẹn kóró ṣúgà ní 4D, tí ètò yín fẹ́ gbé jáde ní igun 16, etí 32, ojú 24, àpótí 8 ló sì so mọ́ra. Igun mẹ́rin wo lẹ rí níbẹ̀? Hinton, onímọ̀ ìṣirò tó dá orúkọ "tesseract" sílẹ̀ ní 1888 kò ka iye igun. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló so pọ̀, mẹ́rin àti ìtànṣán, torí pé etí mẹ́rin ló ń ta jáde lára igun kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n lọ̀rọ̀ náà. Gígùn, ìbú, gíga, ìwọ̀n ni gbogbo wọn. Oní- àti ìwọ̀n, fáwẹ̀lì kan á pajẹ, ó di oníwọ̀n-mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé oníwọ̀n ni ẹni tó ń wọn gàrí lọ́jà. Kó máa wọ̀n ọ́n, "mẹ́rin" ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èyí tó bí mi nínú gan-an ni "ìlọ". Lọ, lọ́, lọ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. A ń lọ ata lórí ọlọ, ó ń kúnná. A ń lọ́ ata láti ẹ̀yìnkùlé lọ sórí ebè, ó ń hù. Ètò tí ẹ bá "lọ", ata lẹ fi ṣe. Ìlọ́ ni kí ẹ kọ, kí àmì òkè wà lórí ọ. Àwọn àgbà tó ń lọ́ ata mọ̀ pé gbòǹgbò ló ń bá ọwọ́ lọ, ilẹ̀ kì í bá a lọ. Bí IRIS GL, àkójọ àṣẹ ìyàwòrán ti SGI, ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. winopen tó ń ṣí wíńdò àti qread tó ń gbọ́ ti kíbọọ̀dù, ilẹ̀ SGI ni wọ́n. OpenGL, àkójọ àṣẹ ìyàwòrán tí ẹ ó lò lórí Linux, kò ní irú wọn, ọwọ́ X11 tàbí GLUT tó ń bójú tó wíńdò lẹ ti máa gbà á. bgnline tó ń bẹ̀rẹ̀ ìlà àti v3f tó ń fi igun sí i ni gbòǹgbò, glBegin àti glVertex3f á gbà wọ́n láìjà.

> "Ẹ kàn fi glRotatef rọ́pò rotate."

Ẹkún wà níbẹ̀ o. Ìdá kan nínú mẹ́wàá dìgírì ni rotate, àṣẹ ìyíyí ti IRIS GL, ń kà: 900 rẹ̀, 90 ni. Odindi dìgírì ni ti glRotatef, àṣẹ ìyíyí ti OpenGL. Bí ẹ bá gbé 900 fún un, á yí po lẹ́ẹ̀mejì, á tún fi 180 lé e, ohun tó yẹ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ á dorí kodò. Ẹ fi mẹ́wàá pín in. Síbẹ̀, glRotatef kò mọ ìwọ̀n kẹrin. x, y àti z ni ìwọ̀n mẹ́ta àkọ́kọ́, w ni ìkẹrin. Yíyí mẹ́fà ló wà: xy, xz, yz, xw, yw, zw. Mẹ́ta tí w wà nínú wọn, ẹ̀yin lẹ máa fi sin àti cos ṣe é fúnra yín kí ẹ tó sọ àwòrán náà di 3D.

Fáìlì tí ètò náà kó àwọn igun sí ńkọ́? Igun 16, nọ́ńbà mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, báìtì mẹ́rin fún nọ́ńbà kan: báìtì 256. SGI máa ń kọ báìtì tó wúwo jù ṣáájú, kọ̀ńpútà Intel máa ń kà á láti ẹ̀yìn. 3F 80 00 00 tó jẹ́ 1.0 á di nǹkan bíi 4.6e-41, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, -1.0 náà á di bákan náà. Gbogbo igun á rọ́ jọ sójú kan ṣoṣo láàárín, ẹ ó wá máa bú káàdì tó ń yàwòrán láìṣẹ̀. Ẹ yí báìtì mẹ́rin-mẹ́rin padà bí ẹ bá ti ń kà á, tàbí kí ẹ kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán ní 4OFF, irú fáìlì tí Geomview, ètò tó ń fi àwòrán hàn, ń lò. Ìlà kejì rẹ̀ á jẹ́ "16 24 32": igun, ojú, etí. Ẹ ò rí i pé fáìlì fúnra rẹ̀ ń ta ko onígun-mẹ́rin yín.

Ẹni tó ní lọ́ á dàrú mọ́ ti okùn tó lọ́, pé àwọn èèyàn á rò pé yíyí là ń wí: ta ló ń lọ́ okùn láti oko kan sí òmíràn?

 

w ló kù tí kò lórúkọ. Ẹni tó ní ká pè é ní "ìjìn", jíjìn la ti fún z, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá òmíràn.