Ìjàpá 1600: ṣé kí n dí páìpù ooru abẹ́ kábúrétọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, mo kí yín o. Volkswagen Ìjàpá ni mo ní, ẹ́ńjìnnì 1600, kábúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) rẹ̀ jẹ́ Solex 34 PICT-3, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó. Mo fẹ́ yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀, kí n fi páìpù mẹ́rin tó para pọ̀ di ọ̀kan sí i, kí èéfín lè ráyè jáde.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nìyí. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ kábúrétọ̀ tí èéfín gbígbóná ń gbà kọjá, kí epo má baà sẹ̀ bí ìrì sínú ọ̀nà tó ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Páìpù mẹ́rin tí mo fẹ́ rà kò ní ojú tí a lè so páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ yìí mọ́. Mẹkáníìkì mi sọ pé Èkó kì í tutù, pé kí n dí i pa. Ọkàn mi ò gbà á. Epo tó ń di oru máa ń mú kí ibi tó wà tutù, afẹ́fẹ́ wa sì kún fún omi, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ti dí i rí, ṣé ọkọ̀ kì í kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárọ̀?

Jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun oníhò kékeré tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, ńkọ́? Ṣé kí n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i, àbí kí n kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà, kí n wá wo àwọ̀ púlọ́ọ̀gì? Mo mọ̀ pé tó bá funfun, epo ò tó.

Ẹ tún bá mi sọ ibi tí mo ti lè rí nọ́ọ̀tì bàbà àti gáskẹ́ẹ̀tì gidi ní Ládípọ̀.