Ta ni kí n ní kó kọ lẹ́tà kẹrin?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ wá àyè residency (ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún dókítà tó ti jáde) nínú Internal Medicine ní Amẹ́ríkà lọ́dún yìí. Mo ti ṣe housejob tán, mo ti yege Step 2, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà ti Amẹ́ríkà. Lẹ́tà àwọn ọ̀gá tó máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi ló kù, ERAS, ìkànnì tá a fi ń wá àyè náà, ò sì gbà ju 4 lọ sí program kan. Mo ti rí mẹ́ta: ọ̀gá méjì tí mo bá ṣiṣẹ́ nílé, àti dókítà tí mo tẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ 4 ní Houston. Ìkẹrin ló ń dà mí láàmú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa lórúkọ gan-an, àmọ́ bá a bá pàdé ní kọ́ridọ̀, wọn ò lè pe orúkọ mi. Wọ́n ní kí n fúnra mi kọ lẹ́tà náà wá, àwọn á fọwọ́ sí i. Senior registrar wa ló mọ̀ mí. Wọ́n wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ tí mo rí i pé ìyá kan tí gbogbo wa ń tọ́jú ibà fún, ṣúgà rẹ̀ ló ti lọ sókè. Ta ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, fi ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Ìlà mẹ́fà péré: mo ń ṣiṣẹ́ kára, mo ń tètè dé. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ló ń rẹ́rìn-ín tó fi sọ fún mi pé wọ́n pè mí ní "he" lẹ́ẹ̀mejì, èmi abiyamọ! Bóyá "ó" ti Yorùbá ló wà lọ́kàn wọn.

Bàbá Kékeré: Ta ló ní dandan ni kó pé mẹ́rin? Mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ program ń béèrè. Registrar ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, lẹ́tà kọnsọ́táǹtì ni wọ́n ń wò. Ní kí registrar sọ ọ̀rọ̀ ìyá oníṣúgà yẹn fún ọ̀gá yín, kó lè wọ inú lẹ́tà tiwọn. Má sì kọ lẹ́tà ara rẹ o.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n, sà?

Ìyá Ìbejì: Lọ kí wọn nílé. Dúpẹ́, sọ pé lẹ́tà ti pé, kí wọ́n máa fi àdúrà tì ọ́ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá tó kù ni kó o dojú kọ báyìí. Fún wọn ní CV àti Letter Request Form (fọ́ọ̀mù ERAS tá a fi ń béèrè lẹ́tà), torí àwọn fúnra wọn ló máa gbé lẹ́tà sórí ìkànnì, ìwọ ò lè bá wọn gbé e. Yàn án lórí ERAS pé o ò ní ka lẹ́tà náà. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni àwọn program ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́ọ̀mù àwọn tó ń wá àyè, nítorí náà tètè máa rán wọn létí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ ṣé mà. Ṣé kí n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp wọn?

Bàbá Kékeré: Tẹ̀ ẹ́ jáde, kó o mú un lọ. Ọ̀gá tèmi, oṣù kan ni email mi fi sùn sínú spam wọn.