Mo lọ bẹ bàbá kan pé kí wọ́n dín orin kù, mo bá jókòó

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, yàrá kan ni mo rẹ́ǹtì nítòsí Brixton, bàbá ará Jàmáíkà kan ló ń gbé ìsàlẹ̀. Gbogbo àárọ̀ Sátidé báyìí ni báàsì á máa mi ilẹ̀ yàrá mi tìtì, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Lọ́jọ́ kan mo lọ kan ilẹ̀kùn wọn, kó má baà dà bíi pé ìjà ni mo bá wá mo ní èmi náà fẹ́ràn Bob Marley tó dá reggae sílẹ̀ gan-an o. Haa! Bàbá wò mí bíi pé mo bú bàbá tó bí wọn. Wọ́n ní Bob kọ́ ló dá a sílẹ̀, jókòó.

Oorun bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ní ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, láwọn ọdún 1950 sí i, mélòó ló lówó rédíò? Sound system ni tálákà ń jó sí, sípíkà gàgàrà bíi wọ́dúróòbù tí wọ́n á tò síta gbangba, tí wọ́n á máa lu rékọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà. Duke Reid àti Coxsone Dodd, àwọn tó ni sound system, ni wọ́n jọ ń du èrò, ẹ sì gbọ́ o, wọ́n máa ń ha orúkọ kúrò lára rékọ́ọ̀dù kí ẹnìkejì má baà mọ orin tó jẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tí irú orin tí wọ́n ń fẹ́ ò jáde dáadáa mọ́ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kó olórin tiwọn wọ stúdíò, bí ska ṣe dé nìyẹn, orin asáré, òmìnira 1962 bá a lójú agbo. Bí 1966 ṣe dé ó rọlẹ̀ di rocksteady. Ní 1968 Toots and the Maytals wá gbé "Do the Reggay" jáde. Bob, àti Peter Tosh àti Bunny Wailer tí wọ́n jọ ń kọrin? Ska ni wọ́n ń kọ lọ́dọ̀ Coxsone lọ́dún 1964.

Bàbá wá ń fi ọwọ́ lu reggae lórí tábìlì fún mi: ìlù á fo ẹyọ kìíní nínú mẹ́rin, á já lu ẹyọ kẹta, gìtá á máa bọ́ sáàárín, ká, ká. Àtẹ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mi ò bá a mu rárá.

Nígbà tí mo ní ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, wọ́n ní Abeokuta wà ní Westmoreland ní Jàmáíkà. Mo pè é ní irọ́, àfìgbà tí mo wò ó lórí fóònù.

Ní báyìí aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń tan orin. Tí aago mọ́kànlá bá ti lù, èmi ni mo máa ń lọ kanlẹ̀kùn.