Ọjọ́ tí adìẹ gbé Ayé mì ní àdúgbò wa

Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwòrán oòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tó ń yí i po ti wà lára ògiri yàrá àwọn ọmọ mi fún ọdún méjì, n kò sì fura pé ó ti ṣì wọ́n lọ́nà títí di ọjọ́ tí èyí àbúrò, ọmọ ọdún méje, bi mí pé ṣé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kì í forí gbárí bí wọ́n ṣe fún mọ́ra tó yẹn. N kò bá ẹni tó ya àwòrán wí, nítorí bó bá yà á bó ṣe rí gan-an, ta ni yóò rí i? Mo kàn ní kí wọ́n lọ gbé bọ́ọ̀lù wọn wá.

Bọ́ọ̀lù náà, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22, ni a fi ṣe oòrùn, a sì gbé e sí ẹnu géètì. Bí oòrùn bá mọ báyìí, Ayé kò ní ju mìlímítà 2 lọ, torí pé ìbú oòrùn tó ti Ayé lọ́nà 109. Ìyá mi tú àpò irúgbìn rẹ̀, ó fún wa ní hóró ewédú méjì, ọ̀kan fún Ayé, ọ̀kan fún Àgùàlà tí ìwé wọn ń pè ní Venus. Ó fi hóró tẹ̀tẹ̀ méjì ṣe Mẹ́kúrì àti Máàsì, ẹyìn méjì ṣe Júpítà àti Sátọ̀nù, ẹ̀wà méjì sì ṣe àwọn tó kù.

A fi téèpù káfíńtà wọn ilẹ̀: Mẹ́kúrì ní mítà 9, Àgùàlà ní 17 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, Ayé ní 24. Ibi tí a ti ń wá iyanrìn tí a ó fi ṣe òṣùpá, tó yẹ kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 6 péré sí Ayé, ni adìẹ kan ti yọ, tó sì ṣa Ayé jẹ. Àwọn ọmọ figbe ta. Ìyá mi fún wa ní Ayé mìíràn, a sì fi ẹnì kan ṣọ́ ọ.

Máàsì bọ́ sí mítà 36, ṣùgbọ́n Júpítà bá wa dé iwájú fọgannáísà, ní 123, Sátọ̀nù sì di 227. Ẹ̀gbọ́n ló gbé ẹ̀wà kan lọ sí 454, ó gbé èkejì dé 711. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò rí bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ní, “Dádì, ṣé oòrùn ṣì ń fa eléyìí?” Mo ní ó ń fà á, àmọ́ ìrìn rẹ̀ ò yá, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ọdún 165 ló ń lò kó tó yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, iná lọ, ìyá mi sì nawọ́ sí Àgùàlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó ní, “Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.”

Èyí àbúrò já a gbà: “Màmá àgbà, kì í ṣe ajá rẹ̀ o! Òṣùpá ò ju ìka yín kan lọ sí wa, ìdí ìkòkò omi ni Àgùàlà wà.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “O ò jẹ́ kí n parí òwe mi.”